Àwo Tí Méyọ̀ Mabry Gbé Wá Síbi Òkú

Bó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ afárá, ìlú Cutler's Bend ì bá ti ní méje lórí odò kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Méyọ̀ wa, Ọ̀gbẹ́ni Thaddeus Quillian Mabry, ti ṣèlérí gbogbo wọn. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, àwọn bàbá bàbá wa ló fi pákó kàn án, bí ọkọ̀ bá sì ti gorí rẹ̀, ńṣe ni ìyá tó bá wà nínú ọkọ̀ náà máa ń di ọmọ rẹ̀ mú.

Ẹ má sì rò pé ọkùnrin náà ò níṣẹ́. Ó níṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jẹ́ Méyọ̀. Láàárọ̀, yóò wọ kóòtù funfun, yóò fi òdòdó pupa há àyà, yóò sì bọ́ sójú títì. Láti ilé rẹ̀ dé gbọ̀ngàn ìlú kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń rìn ín, nítorí kò sí ẹni tó máa kí i tí kò ní gba ìwàásù. Bó o bá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Méyọ̀," á dúró, á wojú ọ̀run, á mí kanlẹ̀, á ní, "Àárọ̀ ni lóòótọ́, ọmọ mi. Mo ti rí i. Mo sì fọwọ́ sí i."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lamar Tidwell máa ń rìn. Díákónì ni Lamar, ó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa sọ pé, "Òtítọ́ ọ̀rọ̀." Lọ́jọ́ kan Méyọ̀ sín. Lamar ní, "Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, Ọlọ́lá."

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ohun kan wà tí gbogbo wa fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí èèyàn bá kú, ilé ìdáná ni ọ̀fọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé á ti gbé oúnjẹ lọ fún ọlọ́fọ̀: adìyẹ díndín, ẹ̀wà, páì tí wọ́n fi èso píìṣì ṣe, àti ní pàtàkì jù lọ, àwo gíláàsì jíjìn tí ìrẹsì àti adìyẹ kún inú rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ọlọ́ràá, tí wọ́n fọ́ bisikíìtì oníyọ̀ lé lórí, tí wọ́n sì yan nínú ààrò títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Àwọn àwo yìí jọra bí ìbejì. Ìdí nìyẹn tí oníkálukú fi máa ń lẹ téèpù mọ́ ìdí tirẹ̀, á sì kọ orúkọ sí i. Ọlọ́fọ̀ á jẹun, á sunkún, á fọ àwo, á yí i dojú dé, á ka orúkọ, á gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Ọkùnrin lè sá fi ìyàwó sílẹ̀ ní Cutler's Bend kí wọ́n sì dárí jì í. Ẹni tí kò dá àwo padà, kò sí ìdáríjì fún un láyé. Ti ọ̀run nìkan ni a kò tíì mọ̀.

Ẹ wo Màmá Eula Hatcher, tó ti ń darí ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì láti ogójì ọdún. Òun àti Corrie Dell Poole jọ dàgbà ni, ojúlé wọn kọjú síra, wọ́n sì jọ bímọ lọ́dún kan náà. Ọdún méje rèé tí wọn ò kíra. Àwo Eula kan tó wà lọ́wọ́ Corrie Dell ló fà á. Corrie Dell ní òun gbé e sórí tábìlì ní ilé ọlọ́fọ̀ kí wọ́n bá òun fún Eula. Màmá Eula ní òun ò rí àwo, àti pé láti kékeré ni ọwọ́ Corrie Dell ti ń mú nǹkan.

Ẹ wá wo Méyọ̀. Ọkùnrin tí kò láya, tí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Atlanta láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ kò sí òkú tó máa kú tí kò ní gbé àwo ìrẹsì wá. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ìwé alẹ̀mọ́ aláwọ̀ wúrà tí wọ́n tẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú ló sì máa ń wà ní ìdí àwo rẹ̀: ÌBÁNIKẸ́DÙN LÁTI ỌWỌ́ ỌLỌ́LÁ T. Q. MABRY, MÉYỌ̀ YÍN. Àwọn opó á máa fi aṣọ nu ojú, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sè é o!" Ìbò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi ìrẹsì yẹn wọlé.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn títí Verlene Stokes fi kọ ìwé.

Verlene ló ń tọ́jú ilé-ìkàwé wa, yàrá kan tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú, tó ní fáànù kan, tábìlì mẹ́ta àti àga tí kò bára mu. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń lọ jókòó títí àwọn ìyá wọn á fi dé láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìyẹ ní ìlú kejì. Verlene mọ orúkọ gbogbo wọn, ó mọ ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, ó mọ ẹni tí kò jẹun ọ̀sán. Bí ibẹ̀ ò bá sí, etí odò ni wọn ì bá máa lọ ṣeré. Èyí tó bá jẹ́ ìyá nínú yín ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwé rẹ̀ jẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìwé àkọ́kọ́ tó kọ láyé rẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi kọ ọ́. *Àwo Kan Ló Ṣẹ́kù* ni àkọlé rẹ̀. Nínú ìtàn náà, ọkùnrin kan kú ní ìlú kékeré kan bíi tiwa, arúgbó obìnrin kan láti ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì ló sì wádìí ẹni tó pa á. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Atlanta gbà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ìròyìn sì dé etí Méyọ̀.

Láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé-ìwé, Ọlọ́lá kò tíì ka ìwé tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ó gba ilé-ìkàwé lọ, Lamar tẹ̀ lé e. Màmá Eula ń dá ìwé padà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé.

"Verlene, ọmọ mi," ni Méyọ̀ wí, "ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Ìtàn àròsọ ni, sà," ni Verlene fèsì. "Ìlú tó wà nínú rẹ̀ kò ní méyọ̀."

Ojú Ọlọ́lá rẹ̀wẹ̀sì bí òdòdó tí wọn ò bomi rin. "Kò ní méyọ̀? Ìlú wo láyé yìí ni kò ní méyọ̀?"

"Ó lè jẹ́ ìlú tí afárá rẹ̀ ti parí ni," ni Màmá Eula wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀ há abíyá.

"Òtítọ́—" ni Lamar bẹ̀rẹ̀, ó rántí ara rẹ̀, ó pa ẹnu dé.

Ẹ mọ̀ pé onírera kì í gbà pé wọn ò rántí òun. Kó tó dé ilé, Méyọ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn ara rẹ̀: ìtìjú ló ń ṣe Verlene. Ó dájú pé òun wà nínú ìwé náà, wọ́n kàn fi aṣọ mìíràn wọ òun ni. Bóyá òun gan-an ni ọ̀gá ọlọ́pàá. Bóyá òun ni pásítọ̀. Nítorí náà, ó kéde pé ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yóò máa jẹ́ Ọjọ́ Verlene Stokes àti Méyọ̀ Tó Tọ́ Ọ Sọ́nà.

Wọ́n ta aṣọ gbàgàdà sójú gbọ̀ngàn ìlú. Àwòrán Méyọ̀ gbà á láti òkè délẹ̀. Ní igun ìsàlẹ̀, wọ́n ya ìwé náà bíi bọ́tìnnì. Àwọn onífèrè ilé-ìwé fun fèrè. Wọ́n pín tíì tútù tó dùn rinrin. Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ Méyọ̀ gba ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ó sọ bí wọ́n ṣe bí òun, ó sọ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì fún wa ní afárá kẹjọ. Verlene wà lórí àga onírin nínú oòrùn, ó gbé ìwé rẹ̀ lé orí itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun tí wọ́n ń jágbe lé lórí.

"Ní báyìí," ni Méyọ̀ wí, "ẹ jẹ́ kí Verlene dìde wá ka díẹ̀ fún wa. Rárá, jókòó, ọmọ mi, ohùn rẹ kéré. Èmi ni màá kà á."

Ó gba ìwé náà. Ó kàn ṣí i láàárín, bí ẹni pín káàdì. Ó gbé ohùn ìwàásù sókè débi pé àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi:

"'ARÚGBÓ NÁÀ YÍ ÀWO NÁÀ DOJÚ DÉ. Ó FI ÈÉKÁNNÁ YỌ TÉÈPÙ TÓ WÀ LÓKÈ. TÉÈPÙ MÌÍRÀN WÀ LÁBẸ́ RẸ̀, ORÚKỌ ẸNI TÓ NI ÍN GAN-AN SÌ WÀ LÓRÍ RẸ̀. Ó NÍ, ẸNI TÓ GBÉ ÀWO YÌÍ WÁ... kì í ṣe... òun ló... sè é...'"

Ohùn náà ń rẹlẹ̀ bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ ti tán. Nígbà tó dé ìparí, àwa tó wà níwájú nìkan ló gbọ́. Ó pa ìwé dé. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó wo Verlene bí ẹni rí iwin.

"Ìwé yìí," ni ó wí, "kò yẹ ní ìlú tó bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Òtítọ́ ọ̀rọ̀," ni Lamar wí, ó sì ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó mọ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ sí.

Kò yé wa lọ́jọ́ náà. Èmi á sọ fún yín, nítorí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sínú òkùnkùn bí a ti jókòó. Méyọ̀ Mabry kò se ìrẹsì rí. Kò mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń ṣe rèé: bó bá lọ kí ọlọ́fọ̀, á gbàdúrà gígùn ní pálọ̀ títí ojú gbogbo èèyàn á fi pa dé, á ní òun fẹ́ lọ wo bí ilé ìdáná ṣe wà, á mú àwo kan tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, á fi kóòtù funfun bò ó, á gba ẹ̀yìn jáde. Àwo yẹn á wọ fìrísà rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá kú, á gbé e jáde, á lẹ ìwé wúrà mọ́ ọn, á sì wá fi omijé bá wa kẹ́dùn. Wọ́n á fọ àwo náà, wọ́n á ka orúkọ Méyọ̀ ní ìdí rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Oúnjẹ ọlọ́fọ̀ kan ló fi ń ṣe àánú ọlọ́fọ̀ kejì.

Àṣìṣe kan ló ṣe, àṣìṣe ẹni tí kò fọ abọ́ rí ni. Obìnrin èyíkéyìí ní ìlú yìí ì bá ti sọ fún un pé téèpù tó bá ti wọ inú ààrò lẹ́ẹ̀mẹwàá kì í ṣí mọ́. Ó ti di ara gíláàsì. Méyọ̀ fi èékánná ha á, ó sú u, ó sì lẹ tirẹ̀ lé e lórí.

Verlene kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Inú ara rẹ̀ ló ti fa ìtàn rẹ̀ jáde. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Ozella ìyá rẹ̀ gbé àwo ìrẹsì lọ sí ilé òkú kan. Lọ́sẹ̀ kejì, Ozella náà kú. Àwo náà kò padà wálé. Verlene wá a títí, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè, nítorí òun ni àwo tí ìyá rẹ̀ fi ń sè fún un láti kékeré. Nígbà tí kò rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀nà tí àwo lè gbà sọnù ní ìlú tí kò sí olè. Ibi tó ti ń rò ó ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀.

Méyọ̀ kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ó dá a lójú pé wọ́n ń ṣọ́ òun. Lọ́jọ́ Ajé ó pe ìgbìmọ̀ jọ, a sì lọ jókòó sẹ́yìn láti wò wọ́n.

"Mo dábàá òfin mẹ́ta," ni ó wí. "Èkíní: ìwé yẹn kò gbọdọ̀ wọ ìlú yìí. Èkejì: láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí àwo oúnjẹ dojú dé ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀."

"Kí ló dé, Ọlọ́lá?" ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta béèrè, ẹni tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀.

"Nítorí ìlera! Ṣé o mọ iye èèyàn tí àwo ti já bọ́ lé lẹ́sẹ̀?"

"Òtítọ́ ọ̀rọ̀. Èèyàn tó pọ̀!" ni Lamar wí, ó sì na ẹsẹ̀ tirẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ní ọgbẹ́.

"Ẹ̀kẹta: ilé-ìkàwé yóò di títì pa, olùtọ́jú rẹ̀ yóò sì máa lọ sílé. Lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin, a ó dìbò lé e lórí."

Verlene dìde. "Ọlọ́lá, ẹ lè lé mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn, ibo ni kí wọ́n máa dúró sí kí ìyá wọn tó dé?"

Méyọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Afárá tuntun ń bọ̀ lọ́nà, ọmọ mi. Òjìji rẹ̀ á tó wọn."

Ó tán. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń fi ọwọ́ agbéraga na agbéraga: àwa tí a kò ka ìwé láti ọjọ́ tí a ti gba ìwé ẹ̀rí, gbogbo wa wakọ̀ lọ sí ìlú kejì lọ ra ìwé Verlene. Àwọn ìyàwó ilé ń kà á ní ìdí sítóòfù. Gbogbo ilé tó wà ní Cutler's Bend ló ti ilẹ̀kùn ìdáná, tó fa aṣọ fèrèsé, tó sì ń yí àwo dojú dé. Ẹni tí kò tíì yí àwo rí, òfin ló kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn, bàbá àgbà Cletus Rainey, onígbàjámọ̀ tó gẹ irun gbogbo ọkùnrin ìlú yìí, sùn kò jí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi ìsìnkú rẹ̀ sí, kí wọ́n sì jẹun ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán. Aago mẹ́rin ọjọ́ náà ni ìbò.

Wàhálà dé bá Méyọ̀. Bí kò bá gbé àwo wá, gbogbo ayé á béèrè ìdí. Láti ìgbà tí ìwé sì ti jáde, àwọn obìnrin ti ń jókòó ti fìríìjì ọlọ́fọ̀ bí ọ̀gá ọlọ́pàá, kò rí ọ̀kan gbé. Ó pinnu pé òun á sè é fúnra òun. Kí ló ṣòro nínú ìrẹsì? Ó da ìrẹsì gbígbẹ sínú àwo, ó gbé adìyẹ odindi lé e lórí, kò bu omi sí i, ó tan ààrò dé òpin, ó sì lọ kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀. Nígbà tó máa dé ojú ìwé kẹrin, èéfín ti gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn panápaná dé pẹ̀lú agogo. Lamar wà lára wọn.

"Kí lẹ̀ ń ṣe, Ọlọ́lá?" ni Lamar béèrè, ó ń wúkọ́.

"Mò ń sè é bí mo ṣe máa ń sè é!"

"Òtítọ́—" Ikọ́ kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Méyọ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí fìrísà. Ó ti kó o gbẹ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ yìnyín tó ti di òkúta, àwo kan ló ṣẹ́kù. Ó gbé e jáde. Téèpù ara rẹ̀ ti gbó, ó ti pọ́n. Ó fi ọ̀bẹ ha á, kò ṣí. Ó fi omi gbígbóná sí i, kò ṣí. Ó wá mú ìwé wúrà mẹ́ta, ó lẹ̀ wọ́n lé ara wọn lórí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n, ó sì mí.

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kún. Méyọ̀ gbé àwo rẹ̀ wọlé lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé adé. "Ẹ gbé e sórí tábìlì bó ṣe wà," ni ó pàṣẹ ní ilé ìdáná. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Yìnyín ló wà nínú ẹ̀," ni Màmá Eula wí. "Ṣé eyín irin lo fẹ́ kí wọ́n fi jẹ ẹ́ ni? Gbé e sílẹ̀." Ó tì í sínú ààrò, ó sì tì í mọ́bẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, Méyọ̀ sì ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ààrò náà bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

Nígbà tí wọ́n gbé e sórí tábìlì, Ọlọ́lá dúró tì í, kò jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá mú ṣíbí: "Ẹ bù ú jẹ́jẹ́ o. Ẹ rántí òfin." Àwọn tó bù ú jẹ ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, nítorí etí rẹ̀ ti gbẹ bí ìyẹ̀fun pákó.

Verlene náà bù ú. Kò jẹun láti ọjọ́ méjì. Ó ń ro aago mẹ́rin. Àárín àwo ni ṣíbí tirẹ̀ bọ́ sí. Ó fi sẹ́nu. Ó dúró.

Ó tún bu ẹ̀ẹ̀kejì. A rí i tí ó gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló se oúnjẹ yìí?" ni ó béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

"Èmi ni, ọmọ mi," ni Méyọ̀ wí. "Ọwọ́ ara mi."

"Kí lẹ fi sí i?"

"Ìfẹ́."

"Yàtọ̀ sí ìfẹ́ ńkọ́, sà?"

Méyọ̀ wo Lamar. Lamar wo bàtà rẹ̀.

"Ata dúdú tí wọ́n fi ọwọ́ gún," ni Verlene wí, "àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ha sí i. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fi èèpo ọsàn sí ìrẹsì ní ìlú yìí. Màmá mi ni." Omijé kún ojú rẹ̀. "Màmá mi ló se oúnjẹ yìí."

Màmá Eula ju aṣọ ìnuwọ́ sórí èjìká, ó sì bọ́ síwájú.

"Òfin!" ni Méyọ̀ kígbe. "Ẹ ò gbọdọ̀ yí àwo dojú dé!"

"Thaddeus," ni Màmá Eula wí, "èmi ni mo kọ́ ọ ní Sọ́ńdè Sùkúù. Òfin rẹ ní kí n má yí i dojú dé. Kò ní kí n má gbé e sókè." Ó di etí àwo kan mú. Àwo wúwo, ọwọ́ àgbà kò sì lágbára mọ́. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Corrie Dell. Kí lo dúró ń wò? Wá di ìhà kejì mú."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín wọn láti ọdún méje. Corrie Dell wá. Àwọn méjèèjì gbé àwo náà ga ju orí wọn lọ, gbogbo wa sì na ọrùn wò ó láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo òṣùpá.

Gọ́ọ̀mù ọ́fíìsì ìlú kò mọ ààrò. Ìwé wúrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ká kò bí ewé gbígbẹ. Ọ̀kan já. Èkejì já. Ẹ̀kẹta rọra ṣí, ó fò wálẹ̀, ó sì bà lé orí bàtà funfun Ọlọ́lá. Téèpù àtijọ́ ló kù lára gíláàsì, tí iná ọgbọ̀n ọdún ti sun mọ́ ọn. Corrie Dell ló kà á sókè, nítorí òun ló ní ojú tó dáa jù:

"'Ozella Stokes. Ẹ bá mi dá a padà o. Òun ni mo fi ń sè fún Verlene.'"

Ẹ jẹ́ kí n fo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Verlene lẹ́yìn náà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú mọ̀ ọ́n.

Méyọ̀ ya ẹnu. Ó yíjú sí Lamar, kí ó bá òun sọ ọ̀rọ̀ méjì péré tó mọ̀.

Lamar fara balẹ̀ nu ẹnu rẹ̀. Ó gòkè lórí àga kí gbogbo wa lè rí i. "Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́," ni ó wí. "Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọkùnrin yìí kò ṣeé gbà gbọ́."

"Sọ̀ kalẹ̀, Lamar, àga ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn," ni Màmá Eula wí.

Wọn kò dìbò ní aago mẹ́rin. Ní aago mẹ́rin, gbogbo àwọn obìnrin ìlú wà nínú ilé Méyọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Yàrá kan kún fún àwo láti ilẹ̀ dé àjà. Gbogbo wa ń fi èékánná yọ ìwé wúrà, a ń ké orúkọ ara wa bí ẹni tó ń pe ọmọ tó sọnù. Corrie Dell rí àwo Màmá Eula lábẹ́ fèrèsé. Ó kàn gbé e fún un. Màmá Eula wò ó títí, ó ní, "Ọ̀la ni kó o wá jẹun. Èmi ni màá sè é. Kó o má pẹ́ dé."

Ọ̀gbẹ́ni Mabry fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ojú ìwé mọ́kànlá, tí ẹnikẹ́ni kò kà kọjá èkíní. Ilé-ìkàwé ṣì wà ní ṣíṣí, fáànù kejì ti wọ ibẹ̀, àwọn ọmọ sì ń jókòó níbẹ̀ títí ìyá wọn á fi dé. Afárá pákó náà ṣì wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ó kéré tán kò sí ẹni tó ń ṣèlérí òmíràn fún wa mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kú báyìí, Mabry ṣì máa ń gbé àwo wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sè é báyìí lóòótọ́, kò sì sí ẹni tó ń ṣiyèméjì rẹ̀. Wọ́n ń dá àwo rẹ̀ padà fún un kíákíá, pẹ̀lú oúnjẹ inú rẹ̀.

Verlene gbé àwo ìyá rẹ̀ lọ sílé. Ìyókù ìrẹsì tó wà nínú rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù. Ó jẹ ẹ́ tán, títí kan etí rẹ̀ tó ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ó po omi ọṣẹ, ó sì fọ̀ ọ́. Nígbà tó dé ìdí rẹ̀, ó rọra fi ìka fọ̀ ọ́ yí téèpù náà ká, bí a ṣe ń wẹ orí ọmọ tuntun.